Ta Ló Fẹ́ Pe Ta?

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni àbúrò mi tó ń kàwé ní FUTA wá bá mi ní Ọba-Ilé. Àpò kọ̀ǹpútà wà léjìká rẹ̀, òógùn bò ó, ojú rẹ̀ sì le koko. Kò tíì mu omi tí mo gbé fún un dé ìdajì tó ti ṣí laptop rẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà nínú ẹ̀. Mo ṣe apt update, èyí tó ń lọ wo ohun tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lọ geere. Mo ping Google kí n mọ̀ bóyá á dá mi lóhùn, ó dáhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ ṣí wẹ́ẹ̀bù tí mo gbé sínú ẹ̀ láti orí Windows mi, kò ní ṣí. Ọjọ́ kẹta rèé o."

Fèrèsé dúdú kékeré kan ló wà láàárín ojú kọ̀ǹpútà náà: Ubuntu Server nínú VirtualBox, VirtualBox lórí Windows. VirtualBox ni ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mìíràn máa ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà rẹ. Mo ní kó tẹ ip a kí n rí àdírẹ́sì rẹ̀. Ohun tó jáde ni 10.0.2.15. Bí mo ṣe rí nọ́ńbà yẹn ni mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

"Ta ló fẹ́ pe ta?" ni mo bi í.

Ó wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́ ohun tó sọ. "Báwo, Àǹtí?"

"Ṣé kọ̀ǹpútà inú yẹn ló fẹ́ pe ìta ni, àbí ìwọ tó wà níta lo fẹ́ pè é?"

Ó dákẹ́, ó ronú sí i. "Èmi ni mo fẹ́ pè é."

"Ó dáa. O ò tíì la ọ̀nà ìyẹn sílẹ̀ rárá."

Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú. Àwọn tó kọ́ wa máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ àwọn ọ̀nà tí a lè gbà so nẹ́tíwọ̀ọ̀kì: NAT rèé, Bridged rèé, Host-only rèé, mú èyí tó bá wù ọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ á wá máa tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọ̀kan á fi ṣe é. Bí ọ̀kan bá sì ṣe é, kò ní mọ ìdí tó fi ṣe é. Lọ́jọ́ tó bá gbé laptop lọ síbòmíràn, gbogbo ẹ̀ á tún dojú rú.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn, àfi kó ní server tó máa fi dánra wò. Àwọn tó ń yá èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là ni wọ́n ń gbà, mélòó nínú àwọn ọmọ tó wà ní Àkúrẹ́ ló sì lè máa san dọ́là lóṣooṣù torí ẹ̀kọ́? Virtual machine ni server ẹni tí kò lówó server. Laptop tó ní 8GB RAM, wàá bu 1GB tàbí 2GB fún un, kọ̀ǹpútà mìíràn á sì máa gbé inú kọ̀ǹpútà rẹ. Ìmọ̀ náà kì í ṣe tuntun. IBM ti ń ṣe é lórí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá wọn láti nǹkan bí 1965 sí 1970, wọ́n sì gbé VM/370 jáde lọ́dún 1972. VMware gbé e dé orí kọ̀ǹpútà táwa ń lò lọ́dún 1999. VirtualBox ní tirẹ̀ wá láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì tó ń jẹ́ Innotek; Sun rà á lọ́dún 2008, ó sì di ti Oracle nígbà tí Oracle gba Sun lọ́dún 2010. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ tó ra laptop àlòkù lè jókòó sórí ẹní nínú yàrá rẹ̀, kó kọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì oníkọ̀ǹpútà mẹ́ta láìjẹ gbèsè ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń sọ ọ́ nù kì í ṣe ibi fífi Ubuntu sínú rẹ̀. Ibi nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Mo ti rí èyí tó pa virtual machine rẹ̀ rẹ́, tó tún un fi sí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó tún fáìlì tó ju 2GB lọ wà sílẹ̀ pẹ̀lú dátà tó fi owó oúnjẹ rà, nígbà tí kò sí nǹkan kan tó ṣe ohun tó kọ́kọ́ fi sí i. Ọ̀nà ni kò là.

Nínú iṣẹ́ yìí, onílé là ń pe kọ̀ǹpútà tó gba èkejì sínú, àlejò là ń pe èyí tó wà nínú rẹ̀. Bí òyìnbó ṣe ń pè wọ́n gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n mo rò pé ó yé àwa jù. Àlejò lójú, kò fi ríran. Àlejò inú VirtualBox kò mọ Wi-Fi, kò mọ router, kò tilẹ̀ mọ̀ pé inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lòun wà. Ohun kan ṣoṣo tó rí ni káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan tí VirtualBox dá fún un, pẹ̀lú wáyà tó yọ jáde láti ara rẹ̀. Gbogbo ohun tí à ń ṣètò kò ju èyí lọ: orí wáyà yẹn kejì, ibo ni kí a so ó mọ́?

Bí o kò bá fọwọ́ kan nǹkan kan, NAT ni VirtualBox máa so ó mọ́. Kí n tó ṣàlàyé NAT fún àbúrò mi, mo sọ ìtàn lẹ́tà ilé wa fún un. Kò sí ẹni tó ń gbé lẹ́tà wá sílé nígbà tí mo wà ní kékeré. Olùkọ́ ni bàbá mi, àpótí ìfìwéránṣẹ́ ilé ìwé tó ti ń kọ́ni ni gbogbo lẹ́tà ilé wa ń gbà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìbàdàn tó máa ń kọ̀wé sí. Tó bá kọ ọ́ tán, bàbá mi ló máa gbé e lọ, àpótí ilé ìwé ni wọ́n á sì kọ sẹ́yìn rẹ̀. Bí èsì bá dé, bàbá mi mọ̀ pé ọmọ òun ló kọ́kọ́ kọ̀wé, á mú un wálé fún un. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan tí a kò kọ̀wé sí rí kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé pé "sí ọmọbìnrin tó ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn", ta ni yóò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí? Ibẹ̀ ni lẹ́tà náà máa pa sí.

Bí NAT ṣe rí nìyẹn. Àlejò ní 10.0.2.15, ẹnu ọ̀nà tó ń gbà jáde ni 10.0.2.2, 10.0.2.3 ló sì ń bi léèrè bí ó bá fẹ́ mọ àdírẹ́sì orúkọ kan. Onílé ló ń bá a gbé ọ̀rọ̀ jáde lórúkọ ara rẹ̀, òun náà ló ń gba èsì fún un. Ìdí tí apt update fi ń lọ geere nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè dúró níta kó ké sí 10.0.2.15. Ohun tó tún ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé bí o bá ní àlejò mẹ́ta tí gbogbo wọn wà lórí NAT, 10.0.2.15 kan náà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa jẹ́, wọn kò sì ní rí ara wọn. Kálukú ló ní bàbá tirẹ̀, kálukú ló ní àpótí tirẹ̀.

Àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà IPv4 tó wà láyé kò ju 4,294,967,296 lọ, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà àti fóònù ti pọ̀ jù wọ́n lọ. Lọ́dún 1996, ìlànà tí wọ́n ń pè ní RFC 1918 ya àwọn kan sọ́tọ̀ kí gbogbo ilé máa lò wọ́n nínú ilé: èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, èyí tó wà láàárín 172.16 sí 172.31, àti èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168. Ó dà bí ojúlé karùn-ún. Gbogbo òpópónà ló ní i. Bí o bá sọ fún ọlọ́kadà ní Ọjà Ọba pé ojúlé karùn-ún lò ń lọ, tí o kò dárúkọ òpópónà, ibo ló máa gbé ọ lọ?

Àbúrò mi mi orí. "Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ mẹ́ta, mo kàn ń kọ̀wé sí yàrá ẹ̀yìn."

Ọgbọ́n kan wà tí NAT náà ní fún irú èyí. O lè sọ fún onílé pé ẹnikẹ́ni tó bá kan ìlẹ̀kùn rẹ ní port 2222 (port ni nọ́ńbà ìlẹ̀kùn), mú un lọ bá àlejò ní port 22. Wàá wá ti orí Windows ṣe ssh, èyí tí à ń fi wọ kọ̀ǹpútà mìíràn láti òkèèrè, sí 127.0.0.1 ní port 2222, wàá sì bá ara rẹ nínú àlejò. Ó dáa fún ohun kan tàbí méjì. Tó bá ti di port mẹ́fà, méje, wàá nílò ìwé tí wàá máa kọ wọ́n sí, èmi kì í sì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi ìyẹn ṣe ibùgbé.

Bridged ló ti fìyà jẹ mí rí. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Alágbàká ni mo wà nígbà náà. Wáyà la fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì níbẹ̀, mo sì ti kà á pé bí mo bá yan Bridged, àlejò mi á dúró láyè ara rẹ̀ nínú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé iṣẹ́ náà bíi kọ̀ǹpútà gidi, gbogbo èèyàn á lè rí i. Òótọ́ ni. Inú mi dùn. Mo tètè dé lọ́jọ́ náà, kò tíì sí ẹnì kankan. Mo fẹ́ fún àlejò mi ní àdírẹ́sì tí kò ní máa yí padà, mo bá ping 192.168.1.50. Kò sí ẹni tó dáhùn. Mo ní ó ṣófo nìyẹn, mo sì fún un.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá, prínta ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìwé kan wà tó gbọ́dọ̀ kúrò nílé iṣẹ́ kó tó di ọ̀sán, èèyàn mẹ́rin dúró yí prínta ká, wọ́n ń tan án, wọ́n ń pa á. Bí wọ́n bá tan án, á tẹ ojú ewé kan tàbí méjì, á tún dákẹ́. Mo tilẹ̀ wà lára àwọn tó ń bá wọn yọ ìwé tó há. Wọ́n ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́jú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wa, Bọ̀ọ̀dá Wáyà là ń pè é. Kò fọwọ́ kan prínta rárá. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, ó tẹ arp -a, èyí tó ń fi káàdì tó ń jẹ́ àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan hàn, ó sì fi ìka tọ ìlà kan: 192.168.1.50, níwájú rẹ̀ 08-00-27 àti nọ́ńbà mẹ́ta mìíràn.

Ó gbé ojú sókè. "Ta ló ń lo VirtualBox níbí?"

Gbogbo káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló ní orúkọ abísọ onípele mẹ́fà, mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń sọ ìdílé tó ti wá. 08-00-27 ni VirtualBox máa ń sọ tirẹ̀. 192.168.1.50 yẹn, prínta ló ni ín. Nígbà tí mo ping rẹ̀ láàárọ̀, wọn ò tíì tan prínta ni. Àwa méjì ń jẹ́ orúkọ kan náà, ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i ń já sọ́dọ̀ àlejò mi tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ìwé ṣe.

Mo na ọwọ́ sókè. Kò pariwo mọ́ mi. Ó dúró tì mí títí mo fi pa àlejò náà, ó wá ní, "Àbúrò, bí o bá ṣe bridge, o ti bímọ sí àdúgbò nìyẹn. Jẹ́ kí baálé fún un lórúkọ. Bí o bá dá a sọ, o lè fún un ní orúkọ ọmọ ẹlòmíràn." Ohun tó ń pè ní baálé ni DHCP orí router, èyí tó ń pín àdírẹ́sì fún kọ̀ǹpútà. Láti ọjọ́ náà, n kò fi ọwọ́ ara mi fún àlejò kankan ní àdírẹ́sì nínú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí kì í ṣe tèmi.

Nílé wá, lórí Wi-Fi tàbí hotspot fóònù, Bridged tún ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ̀rọ Wi-Fi mọ káàdì tó wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí káàdì kejì bá tún ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ọ̀pọ̀ wọn kì í dá a lóhùn. VirtualBox máa ń fi orúkọ onílé bo ti àlejò mọ́lẹ̀ kí ó lè kọjá, nígbà mìíràn ó máa ń ṣe é, nígbà mìíràn àlejò á jókòó pẹ̀lú 169.254, ìyẹn àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ ń fún ara rẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó fún un. Èyí tó burú jù fún wa níbí ni pé bí ẹni tó ni hotspot bá gbé fóònù rẹ̀ jáde, tàbí tí wọ́n mú iná lọ tí router kú, ìwọ àti àlejò tó wà nínú laptop rẹ kò ní lè bá ara yín sọ̀rọ̀ mọ́. Ìwọ àti ẹni tó wà nínú ilé rẹ!

Ohun tí mo fi lọ àbúrò mi ni Host-only, ìlẹ̀kùn àárín yàrá àti pálọ̀. Kò jáde síta, ẹni ìta kò sì gba ibẹ̀ wọlé. VirtualBox máa ń fún onílé ní 192.168.56.1, á sì máa fún àwọn àlejò ní àdírẹ́sì láti 192.168.56.101 lọ. Dátà tán, iná lọ, ìlẹ̀kùn yẹn ṣì wà. Àlejò lè ní káàdì ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà a fi Adapter 1 sílẹ̀ lórí NAT kó lè máa jáde, a pa àlejò náà, a tan Adapter 2, a yan Host-only Adapter fún un.

Ó tan án padà, ó tẹ ip a. Káàdì kejì ti wà níbẹ̀, enp0s8, ṣùgbọ́n DOWN ló kọ sí i, kò sì ní àdírẹ́sì. Ojú rẹ̀ tún le. Mo ní kó fara balẹ̀. Ọjọ́ tó fi Ubuntu sínú rẹ̀, káàdì kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀, enp0s3, òun nìkan ló sì kọ sínú ìwé rẹ̀. Ẹni tuntun tó dé lẹ́yìn náà, àfi ká kọ ọ́ sí i. A ṣí fáìlì tuntun nínú /etc/netplan, ó pè é ní 60-onile.yaml, a sì kọ èyí sínú rẹ̀:

network:
  version: 2
  ethernets:
    enp0s8:
      dhcp4: false
      addresses: [192.168.56.10/24]

Ààyè tó wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe pàtàkì, àyè lásán ni kí ẹ fi ṣe é, kì í ṣe Tab. Ibí yìí, a lè fún un ní àdírẹ́sì fúnra wa, nítorí pé àdúgbò yìí, tiwa ni. Ẹ sì wò ó dáadáa: a kò kọ ẹnu ọ̀nà kankan sí i. Èmi fúnra mi ti fi 192.168.56.1 ṣe ẹnu ọ̀nà rí níbẹ̀, mo rò pé gbogbo káàdì ló gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Àlejò mi wá ní ọ̀nà àbájáde méjì, ọ̀kan já sí títì, èkejì já sí ògiri, íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì kú. Ẹ tẹ ip route kẹ́ ẹ rí i: default ẹyọ kan ṣoṣo ló yẹ kó wà níbẹ̀, èyí tó gba 10.0.2.2.

Ó tẹ sudo netplan apply kí ohun tí a kọ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ping 192.168.56.10 láti orí Windows. Ìlà mẹ́rin tò wọlé, time<1ms, TTL=64 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó pariwo, ìyá mi yọjú láti kíṣìnì, wọ́n ní ṣé kò sí o.

Ó ṣí búráúsà. Wẹ́ẹ̀bù náà kò tún ṣí.

Ó wò mí, kò lè sọ̀rọ̀. Mo ní kó tẹ ss -tln nínú àlejò, ká rí àdírẹ́sì tí wẹ́ẹ̀bù náà dúró sí. 127.0.0.1:5000 ló jáde. Flask, ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ wẹ́ẹ̀bù, ló fi kọ ọ́, àdírẹ́sì tí Flask sì máa ń dúró sí nìyẹn bí o kò bá sọ nǹkan kan fún un. 127.0.0.1 túmọ̀ sí "èmi fúnra mi". Lẹ́nu Windows, Windows ni. Lẹ́nu àlejò, àlejò ni. Wẹ́ẹ̀bù yẹn jókòó sínú yàrá, ó ń bá ara rẹ̀ nìkan sọ̀rọ̀, nígbà tí ọ̀nà ti là dé ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ó tún un gbé dìde pẹ̀lú --host=0.0.0.0, kó lè máa dá ẹnikẹ́ni tó bá ti ẹ̀gbẹ́ èyíkéyìí kàn án lóhùn. Ó sọ búráúsà jí. Àkọlé aláwọ̀ búlúù tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ jáde.

Ohun kan tó kù tí mo fẹ́ sọ nítorí àwọn tó máa bá a pàdé: bí àlejò bá ping onílé tí Windows kò dáhùn, tí Windows sì ń ping àlejò tó ń dáhùn, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yín dáa. Ògiri ààbò Windows ló ní òun kì í dá àjèjì lóhùn. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ tó ní kí wọ́n kàn pa ògiri náà pátá. Ẹ má ṣe é. Laptop yẹn kan náà lẹ máa gbé lọ sórí Wi-Fi tí ogójì èèyàn jọ ń lò. Ẹ fún ohun kan tí ẹ nílò láyè, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Wọ́n mú iná lọ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Router dákẹ́. Àbúrò mi pa hotspot fóònù tirẹ̀ náà, ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á ni, ó tún búráúsà sọ jí lórí bátìrì. Ó ṣí. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ dá àlejò kejì sílẹ̀ tí dátábéèsì máa wà nínú rẹ̀. Ó ṣe clone, ìyẹn ẹ̀dà, ti àkọ́kọ́, ó yan pé kí VirtualBox sọ àwọn káàdì rẹ̀ ní orúkọ tuntun. Kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ó ṣí 60-onile.yaml inú rẹ̀, ó yí 10 sí 11. "Nítorí prínta," ló wí.

"Ó dáa. Ta ló fẹ́ pe ta?"

Ó fi ìka kà á. "Èmi máa pe wẹ́ẹ̀bù. Wẹ́ẹ̀bù máa pe dátábéèsì. Dátábéèsì ò gbọdọ̀ pe ẹnì kankan níta." Ó lọ sí Adapter 1 ti àlejò kejì, ó yọ àmì orí rẹ̀ kúrò. Ó dúró, ó wo ojú ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀.

"Àyàfi ọjọ́ tí a bá fẹ́ ṣe apt update," ló wí, ó sì dá àmì náà padà.